Lésà méjì nínú tọ́ọ̀ṣì kọ́ ni terahertz o

Ìbéèrè: Ẹ káàárọ̀ ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ń ta tọ́ọ̀ṣì kan ní Sábó n'Ìkòròdú níbí, wọ́n ní lésà pupa àti gírínì ló wà nínú ẹ̀, pé tí méjèèjì bá pàdé wọ́n á di terahertz tó ń wọ eegun lọ. Ṣé kí n rà á fún orúnkún màmá mi?

Ìdáhùn: Má rà á, àbúrò. Ìwọ lẹnì kẹrin tó ń bi mí lóṣù yìí, inú sì ń bí mi, torí ọ̀rọ̀ gidi ni wọ́n jí tí wọ́n fi ń gbowó lọ́wọ́ àwọn ìyá wa.

Iṣẹ́ lésà ni mò ń ṣe, òótọ́ sì ni pé wọ́n máa ń fi lésà méjì ṣe terahertz, ìyẹn ìgbì tó wà láàárín ti rédíò àti ìmọ́lẹ̀; terahertz 1 túmọ̀ sí kí ìgbì gbọ̀n ní tírílíọ̀nù ìgbà kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àmọ́ ìmọ́lẹ̀ méjì ò kàn lè pàdé nínú afẹ́fẹ́ kó di nǹkan míì, wọ́n á kàn kọjá lára ara wọn ni. Ṣé o mọ bó ṣe máa ń rí lálẹ́ tí iná bá lọ, tí jẹnẹrétọ̀ méjì tí ìyára wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀, tí wàá máa gbọ́ tí ariwo yẹn ń lọ sókè ń wá sílẹ̀, wùù, wùù? Ìyàtọ̀ àárín ìyára méjèèjì ni wùù yẹn. Òun náà là ń wá lára lésà. Tó bá jẹ́ ìmọ́lẹ̀ tí gígùn ìgbì ẹ̀ jẹ́ nánómítà 1550 (ìdá bílíọ̀nù mítà ni nánómítà kan), irú èyí tó ń rìn nínú wáyà fáíbà íntánẹ́ẹ̀tì, ìyàtọ̀ bíi nánómítà 8 péré ló ń fún wa ní terahertz 1. Pupa 650 àti gírínì 532 ń kọ́? Ìyàtọ̀ wọn lé ní terahertz 100, bẹ́ẹ̀ láti 0.1 dé 10 là ń pè ní terahertz. Ìṣirò yẹn nìkan ti tú wọn láṣìírí.

Kódà kí ìyàtọ̀ yẹn pé, o ṣì nílò photomixer, ìyẹn semiconductor kékeré kan, irú èlò tí wọ́n fi ń ṣe chip inú fóònù, tí iná inú ẹ̀ á máa lọ sókè sódò bí ìmọ́lẹ̀ yẹn ṣe ń ṣe, tí áńtẹ́nà ara ẹ̀ á wá tú u jáde. Ìdí tí wọ́n sì fi ń ṣe lésà méjèèjì sórí chip kan ṣoṣo ni pé tí ooru bá mú un, ìgbì ìmọ́lẹ̀ méjèèjì á jọ yẹ̀ kúrò níbi tó wà ni, bí èèyàn méjì tó jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi kan náà ní Ẹ̀bútè, ìgbì á gbé wọn sókè o, àlàfo àárín wọn ò ní yí padà. Tó bá jẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà, kálukú á yẹ̀ síbi tó wù ú.

Lẹ́yìn gbogbo wàhálà yẹn, tó bá ti dé bíi terahertz 1, agbára tó ń jáde kì í sábà ju microwatt díẹ̀ lọ, ìyẹn ìdá mílíọ̀nù wáàtì. Eegun wo ló fẹ́ wọ̀? Omi ló ń gbé terahertz mì, ara èèyàn sì kún fómi, kì í wọ awọ ju ìdá díẹ̀ nínú mílímítà kan lọ. Kódà ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ etí ọ̀sà wa yìí ń gbé e mì.

Mi ò kì í ṣe dókítà o, mi ò lè sọ ohun tó ń ṣe orúnkún màmá, gbé wọn lọ sí ọsibítù kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bá sì ti ra tọ́ọ̀ṣì yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e kúrò níbi tọ́wọ́ ọmọdé lè tó, torí àwọn lésà gírínì olówó pọ́ọ́kú míì máa ń tú ìmọ́lẹ̀ infrared tí ojú ò lè rí mọ́ gírínì tó hàn, ó sì lè jó ẹ̀yìn ẹyinjú kéèyàn tó mọ̀.