Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́: Ọjà Rírà àti Ìpápánu Nílé Ìtajà Àwọn Ará Íńdíà ní Ìlúpéjú

Lẹ́tà mẹ́ta tí ó tẹ̀ wá lọ́wọ́ lóṣù yìí dá lé irú ìsọ̀ kan ṣoṣo, èyí ni ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ àwọn ará Íńdíà ní Ìlúpéjú, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará Íńdíà tí ń gbé Èkó fi ṣe ibùgbé, tí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wọn sì wà. A ti kó ìdáhùn wọn jọ sójú kan.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Oúnjẹ ayẹyẹ ni mò ń sè tà ní Muṣin. Oníbàárà mi kan ní òun fẹ́ ìrẹsì tí ó ń ta sánsán bíi ti àwọn ará Íńdíà níbi ìsọmọlórúkọ, ni mo bá wọ ṣọ́ọ̀bù wọn kan ní Ìlúpéjú. Mo béèrè kọ́rì, wọ́n ní èwo nínú kọ́rì. Mo ní kọ́rì ṣáà ni, wọ́n kó páálí bíi mẹ́wàá kalẹ̀ fún mi. Nígbà tí ó sú mi, mo mú ọ̀rá hóró rúsúrúsú kan tí òórùn rẹ̀ jọ ti kọ́rì, mo lọ̀ ọ́ nílé, mo sì bu ṣíbí mẹ́ta sí ìkòkò. Ìrẹsì náà korò bí ewúro. Kí ni mo rà gan-an? Báwo ni ènìyàn ṣe ń rajà níbẹ̀ tí kò ní fi owó ṣòfò? (Alásè kan, Muṣin)

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀ yìí, ó jọ pé methi ni ẹ rà, èyí tí àwọn ìwé Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní fenugreek. Ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ́rì inú agolo tí à ń lò nílé, òórùn rẹ̀ sì wà lára ohun tí imú máa ń kọ́kọ́ gbọ́ bí a bá ṣí agolo náà. Imú yín kò purọ́ fún yín, ìwọ̀n ni ó dà yín. Nínú kọ́rì, methi kò pọ̀, àwọn èròjà mìíràn sì ti bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òun nìkan bá dá wà nínú ìkòkò, tí a sì tún lọ̀ ọ́, kíkorò rẹ̀ kò ní ibi tí yóò sá sí. Ìwọ̀nba hóró tí ìka mẹ́ta lè ṣà ni àwọn tí wọ́n ni ín máa ń jù sínú òróró gbígbóná fún odidi ìkòkò ọbẹ̀, bí ó bá sì jóná, wọn a da òróró náà nù, wọn a tún òmíràn gbé kaná.

Ní ti kọ́rì tí ẹ béèrè, ẹ má ṣe rò pé ẹni tí ó kó páálí mẹ́wàá kalẹ̀ ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ará Íńdíà kò ní èròjà kan pàtó tí wọ́n ń pè ní kọ́rì. Àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sọ lílọ̀ pọ̀ yẹn di ọjà lábẹ́ orúkọ náà, tí wọ́n sì ti ń tà á ní London láti ọ̀rúndún 18, kí ẹni tí ó ti Íńdíà padà dé lè rí ohun tí ó jọ oúnjẹ ibẹ̀ sè. Masala ni àwọn onílé ń pe èròjà tí a lọ̀ pọ̀, oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ni ó sì ní tirẹ̀: ti ẹran ọ̀tọ̀, ti ẹja ọ̀tọ̀, ti ẹ̀wà chana (chickpea) ọ̀tọ̀, ti ìrẹsì biryani ọ̀tọ̀. Nítorí náà, orúkọ oúnjẹ tí ẹ fẹ́ sè ni kí ẹ sọ ní káńtà, ẹ má sọ orúkọ èròjà. Bí ẹ bá ní masala ìrẹsì biryani ni ẹ fẹ́, páálí kan ni wọn yóò nawọ́ sí. Ẹ ṣọ́ra fún ewé kọ́rì pẹ̀lú. Èyí tí wọ́n sábà máa ń tà fún wa lọ́jà lábẹ́ orúkọ yẹn, ẹbí efinrin ni. Èyí tí ẹ ó bá nínú fìríìjì ṣọ́ọ̀bù náà, ewé igi ni, kadi patta ni wọ́n ń pè é, ọ̀kan kò sì lè ṣe iṣẹ́ èkejì.

Púpọ̀ nínú ohun tí ó wà lórí pẹpẹ yẹn kò ṣàjèjì sí yín bí ẹ bá lè borí orúkọ tí wọ́n kọ sí i lára. Toor dal tí ẹ ń rí nínú ọ̀rá, òtílí tí wọ́n ti bó èèpo rẹ̀ tí wọ́n sì là sí méjì ni. Lobia, ẹ̀wà wa olójú dúdú ni, ilẹ̀ Áfíríkà ni ó sì ti lọ bá wọn láti ayé àtijọ́. Til ni yànmọtí, bajra ni jéró, haldi ni ata ilẹ̀ pupa. Imli ni àjàgbọn, ìyẹn sì máa ń pa wá lẹ́rìn-ín, nítorí pé igi ilẹ̀ Áfíríkà ni igi àjàgbọn, síbẹ̀ èdè Lárúbáwá tí àwọn òyìnbó ti mú orúkọ rẹ̀ ń pè é ní dàbínù ilẹ̀ Íńdíà. Àní ata pupa tí wọ́n fi ń jó ènìyàn lẹ́nu, àwọn Potogí, àwọn kan náà tí wọ́n sọ Èkó ní Lagos, ni wọ́n gbé e láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà dé ọ̀dọ̀ wọn ní ọ̀rúndún 16. A kò sọ èyí láti fi ìmọ̀ yangàn. Àpò yín ni a ń ṣọ́. Kò sí ìdí tí ẹ ó fi ra ẹ̀wà tàbí yànmọtí níbẹ̀, nígbà tí owó ọkọ̀ ojú omi àti owó ọ̀rá aláràbarà ti wọ inú iye rẹ̀, àyàfi bí ẹ bá ń wá òtílí tí wọ́n ti bó kí ẹ má baà jókòó ti bíbó. Ohun tí ó yẹ kí ẹ tìtorí rẹ̀ wọ danfo dé ibẹ̀ ni èyí tí ẹ kò lè tètè rí lọ́dọ̀ àwọn aláta wa, bíi jeera (cumin), dhania (coriander), elaichi (cardamom), ìrẹsì basmati gidi, àti ìyẹ̀fun ẹ̀wà chana tí wọ́n ń pè ní besan.

Bí ẹ bá sì ń rà á, hóró ni kí ẹ rà, ẹ má ra lílọ̀, ọ̀rá tí ó kéré jù lọ ni kí ẹ sì mú lákọ̀ọ́kọ́. Èròjà lílọ̀ tètè máa ń pàdánù òórùn rẹ̀, àdàlù sì rọrùn láti fi pamọ́ sínú rẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn ọ̀rá, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ẹ sì gbé ọ̀rá besan sókè sí iná: bí ohun kan bá so mọ́ igun rẹ̀ bí òwú aláǹtakùn, kòkòrò ti débẹ̀ ṣáájú yín. Nílé, ẹ fi àtàńpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá rin hóró jeera méjì mẹ́ta. Bí òórùn kò bá dìde, ó ti kú.

Ní ti ìrẹsì oníbàárà yín, ohun tí ẹ nílò kò ju mẹ́rin lọ yàtọ̀ sí iyọ̀: basmati, ghee (òróró bọ́tà) tàbí bọ́tà, jeera àti kànáfùrù. Ẹ ṣan ìrẹsì náà títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, ẹ rẹ ẹ́ fún 30 ìṣẹ́jú, ẹ sì jọ̀ ọ́. Ẹ yọ́ ghee nínú ìkòkò, ẹ da ṣíbí kékeré jeera kan àti kànáfùrù mẹ́rin sí i. Ẹ dúró tì í, ẹ má ṣe dá fóònù lóhùn, nítorí pé kò ní pẹ́ rárá tí jeera náà yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta pàràpàrà, tí àwọ̀ rẹ̀ yóò máa pọ́n bọ̀, tí òórùn rẹ̀ yóò sì gba inú ilé. Ìgbà yẹn gan-an ni ìrẹsì ń wọlé. Bí ẹ bá jẹ́ kí ó dúdú, yóò korò, ẹ ó sì tún kọ lẹ́tà sí wa. Ife omi kan àti ààbọ̀ ni fún ife ìrẹsì kan. Ẹ dé e, ẹ dín iná kù, ẹ má sì ṣe da omi rẹ̀ nù bí a ti ń ṣe sí ìrẹsì tí à ń bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé inú omi yẹn ni òórùn tí oníbàárà yín ń sanwó fún wà.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, mo kí yín. Ọ̀dọ́kùnrin Mùsùlùmí ni mí, Ìsàlẹ̀ Èkó ni mò ń gbé, Ìlúpéjú ni ibi iṣẹ́ mi wà. Lọ́sàn-án, èmi àti ẹlẹgbẹ́ mi máa ń yà sí káńtà ìpápánu inú ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Íńdíà kan. Sàmósà wọn tóbi ju ti òde ìnáwó lọ, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹran nínú rẹ̀ rí, pọ̀tétò ni ṣáá. Ṣé wọ́n ń rẹ́ wa jẹ ni? Báwo ni mo ṣe lè mọ ohun tí ẹ̀sìn mi gbà mí láyè láti jẹ níbẹ̀? Kí sì ni ohun róbótó tí wọ́n ń rọ omi sí nínú yẹn? (Òṣìṣẹ́ kan, Ìsàlẹ̀ Èkó)

ÌDÁHÙN: Wọn kò rẹ́ ọ jẹ, àbúrò. Sàmósà tí ó gbajúmọ̀ jù lọ ní àríwá Íńdíà, pọ̀tétò àti píìsì ni inú rẹ̀, pẹ̀lú jeera, ata àti atalẹ̀, ìyẹ̀fun rẹ̀ sì nípọn débi pé ó lè dá dúró lórí àwo. Èyí tí à ń jẹ lóde ìnáwó ni ó pẹlẹbẹ, tí ẹran lílọ̀ sì kún inú rẹ̀, kí ó lè bá spring ròòlù àti pọ́fù-pọ́fù jókòó sínú páálí kan náà. Ọ̀pọ̀ ẹlẹ́sìn Híńdù kì í jẹ ẹran. Àwọn ẹlẹ́sìn Jain tilẹ̀ wà láàrin àwọn ará Íńdíà tí kì í jẹ àlùbọ́sà àti pọ̀tétò pàápàá, nítorí pé abẹ́ ilẹ̀ ni a ti ń hú wọn. Nítorí náà, ó wọ́pọ̀ kí káńtà bẹ́ẹ̀ má se ẹran rárá.

Ní ti ohun tí a dì sínú ọ̀rá, òfin Íńdíà ti bá ọ ṣe ìdajì iṣẹ́ náà. Wo iwájú ọ̀rá dáadáa, ìwọ yóò rí àmì kékeré onígun mẹ́rin. Bí ohun róbótó àwọ̀ ewé bá wà nínú rẹ̀, kò sí ẹran, ẹja tàbí ẹyin nínú ohun náà, ṣùgbọ́n wàrà lè wà níbẹ̀. Bí àmì náà bá jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀, ọ̀kan nínú mẹ́ta yẹn wà níbẹ̀, ó sì yẹ kí o wádìí síwájú sí i kí o tó ra á. Àmì náà kò sọ ohunkóhun nípa ọtí, nítorí náà ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn ọ̀rá. Ní ti ohun tí wọ́n ń dín lójú rẹ, béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo lọ́wọ́ ẹni tí ó dúró nídìí àgbadá: ṣé wọ́n ń dín ẹran nínú òróró yìí?

Bí o bá ní àyè, kúrò nídìí sàmósà lọ́jọ́ kan kí o tọ́ medu vada wò. Ẹ̀wà urad tí wọ́n rẹ, tí wọ́n lọ̀ tútù, tí wọ́n sì dín ni. Àkàrà ni lójú àti lẹ́nu, àfi ihò tí wọ́n dá sí i láàrin kí inú rẹ̀ lè jinná. Jalebi náà yẹ ní wíwò kí o tó jẹ ẹ́. Alásè yóò di àpòpọ̀ ìyẹ̀fun sínú aṣọ tí ó ní ihò tíńtín, yóò máa fún un yípo yípo sínú òróró bí ẹni tí ń kọ hàńtú láìgbé ọwọ́, yóò fi irin gbé e nígbà tí ó bá gbó, yóò sì rì í sínú omi ṣúgà lọ́wọ́ kan náà. Gbígbóná ni kí o jẹ ẹ́. Èyí tí ó ti sùn nínú gíláàsì di ọjọ́ kejì ti rọ̀, kò yẹ lówó.

Ohun róbótó yẹn ni pani puri. Inú rẹ̀ ṣófo. Wọn a fi àtàńpàkò lu ojú rẹ̀ kan, wọn a ki pọ̀tétò tàbí chana sí i, wọn a sì rọ omi míńtì, ata àti àjàgbọn kún un. Odindi ni à ń fi í sẹ́nu, lójú ẹsẹ̀, kí ó tó rọ̀. Èmi tí mò ń kọ ìwé yìí gé e sí méjì níjọ́ àkọ́kọ́, pẹ̀lú bùbá funfun lọ́rùn, obìnrin tí ó ń tà á sì ti na bébà ìnujú sí mi kí n tó gé e tán.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé paneer tí wọ́n ń tà nínú fìríìjì wọn yàtọ̀ sí wàrà tí àwọn Fúlàní ń gbé kiri? (Ìyá Ìbejì, Ṣómólú)

ÌDÁHÙN: Ìbátan ni wọ́n, ìyá wa, wàrà dídì ni méjèèjì. Omi ewé bomubomu ni àwọn Fúlàní fi ń mú wàrà dì. Ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ọtí kíkan ni wọ́n fi ń mú ti paneer dì, lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé nǹkan wúwo lé e kí ó lè ṣe é gé. Méjèèjì kì í yọ́ nínú òróró, nítorí náà ẹ lè fi wàrà se ọbẹ̀ palak paneer, ìyẹn ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ wọn, ẹni tí kò bá sí ní ìdí àdògán kò sì ní mọ̀. Paneer sábà máa ń wà láìní iyọ̀, ẹ bu díẹ̀ sí i. Bí ẹ bá ti ṣí ọ̀rá rẹ̀, tí iná yín sì ń lọ tí ó ń bọ̀, ẹ sè é lọ́jọ́ náà.