Lamprey Kì í Ṣe Eel Tí Àgbọ̀n Rẹ̀ Já

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Etí adágún Michigan ni à ń gbé. Ọkọ mi pa ẹja trout kan, ohun kan tó gùn bí ejò sì lẹ̀ mọ́ ìhà rẹ̀, ẹnu rẹ̀ rí róbótó. Àwọn ará àdúgbò ní eel, ẹja tó gùn bí ejò, tí àgbọ̀n rẹ̀ ti já ni. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé a lè jẹ méjèèjì?

Ìdáhùn: Lamprey ni ẹ rí, màmá. Ó máa ń dùn mí bí àwọn tó ń fi fídíò kọ́ni ṣe ń pè é ní eel, nítorí irọ́ náà ti wọ ọ̀pọ̀ ènìyàn létí ju òótọ́ lọ. Àgbọ̀n rẹ̀ kò já. Kò ní in rí, àwọn baba ńlá rẹ̀ náà kò sì ní in.

Bí òkú rẹ̀ bá ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ẹ ó ka ihò méje tó tò tẹ̀lé ara wọn lẹ́yìn ojú kọ̀ọ̀kan, èyí tó fi ń mí. Ihò imú kan ṣoṣo ló ní, òkè orí ló sì wà. Kò ní ìpẹ́, kò ní lẹbẹ ní ẹ̀gbẹ́ ara, eyín rẹ̀ kì í sì í ṣe egungun: irú ohun tí èékánná wa jẹ́ ni, ó wà lórí ahọ́n rẹ̀ pẹ̀lú, òun ló sì fi ń ha ara ẹja títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi jáde. Eel ní tirẹ̀ ní àgbọ̀n tó ń ṣí tó ń pa dé, ó ní egungun gidi, ó sì ní lẹbẹ méjì lẹ́yìn orí. Gígùn ara nìkan ni wọ́n fi jọra, bí àdán ṣe ń fò tí kò sì di ẹyẹ. Bí a bá ń sọ ti ìbátan, eel sún mọ́ ẹja àrọ̀, àní ó sún mọ́ èmi àti ẹ̀yin, ju bí ó ṣe sún mọ́ lamprey lọ, nítorí ìran lamprey ti yà kúrò lára tiwa kí àgbọ̀n tó dé ara ẹ̀dá kankan.

Mọ̀lẹ́bí kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù fún lamprey ni hagfish ìsàlẹ̀ òkun, tí omi ara rẹ̀ ń fà bí ewédú bí a bá fọwọ́ kàn án. Linnaeus pàápàá, onímọ̀ tó pín àwọn ẹ̀dá sí ìsọ̀rí, ka hagfish yìí mọ́ aràn ní ọdún 1758.

Ní ti jíjẹ, bí ojú ọgbẹ́ trout náà kò bá tíì rà, ẹ gé ibẹ̀ kúrò kí ẹ sì sè é jinná. Lamprey adágún yín lè ní mákúrì púpọ̀ nínú, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ ẹ́, pàápàá aboyún àti ọmọdé. N kì í ṣe dókítà. Ẹ ka ìkìlọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ yín. Ẹ má sì dá a padà sómi láàyè: àjèjì ni níbẹ̀, ọ̀nà omi Welland tí ènìyàn gbẹ́ ló gbà yí odò Niagara tó ń dà gììrì kọjá, wọ́n rí i ní adágún Erie ní ọdún 1921, ó sì run ẹja trout àwọn adágún náà gidigidi. Ṣùgbọ́n èyí tó kéré tí ẹ bá rí nínú odò ṣíṣàn, tí kò lẹ̀ mọ́ ẹja kankan, lè jẹ́ ọmọ onílẹ̀ tí kì í mu ẹ̀jẹ̀ rárá. Ẹ fi hàn òṣìṣẹ́ ẹja kí ẹ tó pa á.