Lórí ìbéèrè yín nípa Scratch: ohun tí ojú mi rí rèé

Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ẹ ní ọmọ yín ọmọ ọdún 10 fẹ́ máa fi Scratch, ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn ọmọdé ti ń to búlọ́ọ̀kù àṣẹ pọ̀, ṣe géèmù, ẹ wá ń béèrè pé ṣé àwòrán yíyà ni kó kọ́kọ́ kọ́ àbí géèmù gan-an, àti pé ṣé kí ẹ wá olùkọ́ tí ẹ máa sanwó fún. Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí ní akínyẹmí ara, torí ojú mi ti rí màbo lórí ẹ̀.

Ẹ tọ́jú owó yín ná. Ilé ìkọ́ṣẹ́ kan ládùúgbò wa ni mo sanwó sí torí àbúrò mi, ọmọ ọdún 11 ni nígbà náà. Mo máa ń jókòó tì í kí n lè ràn án lọ́wọ́ nílé. Ẹni tó ń kọ́ wọn á kàn ní, "Fa èyí wá síbí, gbé ìyẹn sábẹ́ ẹ̀." Bí ọmọ bá béèrè ìdí, á ní eré ọmọdé lásán ni Scratch, pé Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ni kí ẹni tó bá fẹ́ mọ nǹkan lọ kọ́. Eré ọmọdé kẹ̀! Ẹgbẹ́ Mitchel Resnick ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà ló ṣe é, wọ́n gbé e síta ní 2007, àwọn ọmọ ọdún 8 sí 16 ni wọ́n sì dìídì ní lọ́kàn.

Àbúrò mi fẹ́ ṣe géèmù tí máńgòrò á máa já bọ́ látòkè, kí èèyàn máa fi apẹ̀rẹ̀ hán an. Máńgòrò kan ṣoṣo la yà. Clone, ìyẹn ẹ̀dà, la fi sọ ọ́ di púpọ̀. A fẹ́ kí òmíràn yára, kí òmíràn rọra. A ṣe variable kan, ìyẹn bí abọ́ tí kọ̀ǹpútà ń fi nọ́ńbà sí, a pè é ní "ìyára", a ní kí kọ̀ǹpútà mú nọ́ńbà kan láàárín 3 sí 9 fún máńgòrò tuntun kọ̀ọ̀kan.

Kí la rí? Bí máńgòrò tuntun bá ti yọjú, gbogbo èyí tó ti ń bọ̀ látòkè á yí ìyára padà lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó ń rọra bọ̀ á ṣàdédé sáré já wálẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi wá ìdí ẹ̀. A tú búlọ́ọ̀kù palẹ̀, a tún wọn tò, a ya máńgòrò mìíràn. Ọmọ náà sunkún. Mo pe ọ̀gá yẹn, ó ní kọ̀ǹpútà mi ló ti gbó, kí n lọ ra RAM, ìyẹn mẹ́mórì kọ̀ǹpútà. Díẹ̀ ló kù kí n rà á!

Kọ̀ǹpútà ò ṣe nǹkan kan. Tí ẹ bá ń ṣe variable, nísàlẹ̀ ibi tí ẹ ti ń kọ orúkọ ẹ̀, ẹ máa rí For all sprites àti For this sprite only (sprite ni àwòrán tí ẹ ń darí, bíi máńgòrò wa). Ti àkọ́kọ́ ni wọ́n ti yàn sílẹ̀ fún yín. Bí ẹ bá fi í bẹ́ẹ̀, abọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo máńgòrò jọ ń jẹ. Èyí tó dé kẹ́yìn ló ń yí ọbẹ̀ padà fún gbogbo wọn. Ìkejì ló ń fún ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ní abọ́ tirẹ̀. A pa variable yẹn rẹ́, a tún un ṣe, a yan ìkejì, ló bá tán. Ọjọ́ mẹ́ta, nítorí ohun tí ẹni tó gbowó lọ́wọ́ wa ì bá sọ ní gbólóhùn kan!

Ẹ ṣọ́ra fún èyí náà: ẹ̀dà 300 ni Scratch gbà lẹ́ẹ̀kan. Bí máńgòrò bá bọ́ sílẹ̀ tí ẹ ò fi delete this clone sí i, tó bá yá, òmíràn ò ní já bọ́ mọ́, Scratch ò sì ní sọ ìdí fún yín.

Ti iná àti dátà ńkọ́? Ẹ lọ sí scratch.mit.edu, ẹ gba èyí tí kì í jẹ dátà sórí kọ̀ǹpútà, ìyẹn ò le. Ṣùgbọ́n kí ọmọ máa fi iṣẹ́ pamọ́ fúnra ẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Iná lọ mọ́ wa lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan, gbogbo ohun tí a ti ṣe láti àárọ̀ bá a lọ. Tó bá sì ń lo ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, kó má fi orúkọ ara ẹ̀ gan-an ṣe orúkọ tó ń lò níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́.

Àwòrán tí ẹ béèrè, òun ni kó kọ́kọ́ ṣe. Ẹ tẹ bọ́tìnì tó wà nísàlẹ̀ lápá òsì, ẹ mú Pen, ìyẹn kálàmù tó ń fa ìlà. Kó kọ́kọ́ fi pen down sí i, kó ní kí ológbò tó wà lójú pátákó rin 100, kó yí ní digrí 90, kó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin. Igun mẹ́rin nìyẹn. Kó wá gbìyànjú igun mẹ́ta: 120 ni á yí, kì í ṣe 60, ẹ má sọ fún un, ẹ jẹ́ kó fojú ara ẹ̀ rí i. Ibẹ̀ ni á ti mọ̀ pé àárín ojú pátákó ni 0, pé ó fẹ̀ dé 240 lọ́tùn-ún, -240 lósì, 180 lókè, -180 nísàlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì tó, kó bọ́ sórí géèmù.

Tó bá kan ibi clone tí kò yé e, ẹ fi fóònù ya búlọ́ọ̀kù ẹ̀, kí ẹ gbé e síbí. Màá wò ó lálẹ́ tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé.