Kí ẹ tó ra àtọ̀ abo: ohun tí ojú mi rí lára màlúù mẹ́jọ

Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ẹ ní màlúù yín mẹ́fà ni, akọ ni mẹ́rin nínú ọmọ márùn-ún tí wọ́n bí kẹ́yìn, ẹ sì fẹ́ ra àtọ̀ abo, ìyẹn àtọ̀ akọ màlúù tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ kó lè bí abo, kí ẹ lè ní abo tí ẹ ó máa fún wàrà rẹ̀. Ẹnìkan wá sọ fún yín pé ẹ má wulẹ̀ náwó, pé tí wọ́n bá ti fi àtọ̀ lásán, èyí tí wọn kò yà sọ́tọ̀, sí màlúù ní kété tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá akọ, abo ló máa bí. Ẹ ní èwo ni òótọ́, màlúù wo ni kí ẹ sì fi bẹ̀rẹ̀.

Ti kété yẹn, ẹ jù ú nù. Èmi náà gbà á gbọ́ nígbà kan. Ńṣe ni akọ ń bọ́, tí abo ń bọ́, bí ẹni ń ju owó ẹyọ sókè. Akọ màlúù ló ń pinnu, kì í ṣe ìyá, kì í sì í ṣe aago. Nínú àtọ̀ rẹ̀, bí ìdajì ló ń mú abo wá, ìdajì tó kù ń mú akọ wá. Èyí tó ń mú abo wá ló ní DNA, ìyẹn èròjà àjogúnbá, díẹ̀ sí i nínú, kò sì ju bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ìyàtọ̀ kékeré yẹn ni Lawrence Johnson àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílé ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà ní Beltsville fi ya àtọ̀ ehoro sọ́tọ̀ ní 1989. Wọ́n pa á láró, wọ́n tan iná lésà sí i, èyí tó bá mọ́lẹ̀ jù ni ti abo. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ẹ̀rọ ń wò wọ́n, ìdí nìyẹn tó fi wọ́n. Nínú mẹ́wàá, bíi mẹ́sàn-án máa jẹ́ abo. Ṣùgbọ́n mẹ́sàn-án nínú ọmọ tí wọ́n BÍ ni o, kì í ṣe nínú èyí tí ẹ RÀ.

Ibẹ̀ yẹn ni mo ti jẹ ìyà mi.

Màlúù mẹ́jọ ni mo ní nígbà náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìsẹ́yìn níbí, irú màlúù Fúlàní funfun márùn-ún, mẹ́ta tó dàpọ̀ mọ́ ti òyìnbó. Mo ra sìtírọ́ọ̀ mẹ́wàá, ìyẹn ọ̀pá tín-ín-rín tí wọ́n ń rọ àtọ̀ sí, owó tó lè ra ẹgbọrọ kan. Wọ́n júwe dókítà ẹran kan fún mi, ẹni tí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kún ògiri. Ó kọ́kọ́ wá gún gbogbo wọn lábẹ́rẹ́ tó máa jẹ́ kí wọ́n jọ wá akọ lẹ́ẹ̀kan náà. Fúlàní tó ń bá mi da ẹran dúró tì wá. Ó nawọ́ sí èyí tí ìwo rẹ̀ ọ̀tún kán, ó ní, "Alájì, eléyìí kò ṣófo o." Dókítà ò tiẹ̀ wo ojú rẹ̀. Ó sọ òyìnbó gùn-ún-gùn-ún kan sí mi, ó sì ki abẹ́rẹ́ bọ màlúù náà lọ́rùn.

Ní ọjọ́ kẹrin, mo débẹ̀ láàárọ̀. Ó dá dúró lẹ́bàá ọgbà, ìrù rẹ̀ nà sókè, nǹkan so rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ inú rẹ̀ wà nínú koríko, kò ju eku ńlá kan lọ, kò nírun lára rárá, pátákò rẹ̀ funfun, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ. Mo fi igi yí i padà. Abo ni.

Abẹ́rẹ́ yẹn máa ń ṣẹ́ oyún. Gbogbo ẹni tó ń gún un ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ló dé tí kò kọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀ ọ́ nídìí kó yẹ ilé-ọmọ wò, iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún péré? Títí dòní mi ò rí ẹni dá mi lóhùn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún màlúù yín láìjẹ́ pé ó yẹ̀ ẹ́ wò lójú yín. Ẹ sì bi ẹni tó ń sùn tì wọ́n. Ọ̀rọ̀ kan tún wà: obìnrin tó lóyún tàbí ẹni tó ní ikọ́ fée (asthma) kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan oògùn yẹn rárá, ó ń gba awọ ara wọlé.

Dókítà tún padà wá gún méje tó kù lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá, ọjọ́ kẹta sí i ló gbé àtọ̀ dé. Aago méjì ọ̀sán, oòrùn ń jó ni. Kò béèrè èwo ló ń dúró kí ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ gùn ún, àmì pé ó ń wá akọ, ńṣe ló ní kí a to gbogbo wọn. Ó ní kí ìyàwó mi gbé omi gbígbóná wá nínú abọ́, ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó ní ó ti tó. Ó wá kó sìtírọ́ọ̀ méjèèje jáde pa pọ̀ sínú omi yẹn. Ìgbà tó fi máa dórí màlúù keje, ìdajì wákàtí ti lọ. Tọkàntọkàn ni mo fi ń ràn án lọ́wọ́ nígbà yẹn, mò ń bá a di ìwo màlúù mú, mo ń sọ pé ẹ ṣé, ọ̀gá.

Lọ́jọ́ tí mo rí tánkì òtútù tí wọ́n ń tọ́jú àtọ̀ sí, tó kún, lọ́dọ̀ ẹlòmíràn ni ojú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Wọ́n ṣí i, èéfín funfun ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀ wálẹ̀ bí ti ìkòkò tó ń hó. Mo rántí ti dókítà wa. Ó ṣí i, kò sí nǹkan kan. Ó ṣeé ṣe kí àtọ̀ náà ti kú kó tó kúrò nílé.

Nínú méje, méjì ló lóyún. Ọ̀kan bí abo, èkejì bí akọ. Mo lọ sọ́fíìsì tí wọ́n ti júwe dókítà náà fún mi, wọ́n ní oúnjẹ ni mi ò fún màlúù mi. Ọkùnrin tó sọ bẹ́ẹ̀ ń jẹ ẹ̀pà lọ ní tiẹ̀. Ó dùn mí nítorí pé òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: ẹ̀ẹ̀rùn la wà, egungun ìhà wọn ṣeé kà. Oyún kì í sábà dúró lára màlúù tí ebi ń pa. Ṣùgbọ́n ta ló yan oṣù yẹn fún mi?

Tánkì ló yẹ kí ẹ máa bẹ̀rù. Nàítírójìn, omi òtútù inú rẹ̀, tutù dé −196°C, ó sì ń gbẹ díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, yálà wọ́n lò ó tàbí wọn ò lò ó. Ẹ ní kí wọ́n ti ọ̀pá igi gbígbẹ bọ̀ ọ́ títí kan ìsàlẹ̀, kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n fì í nínú afẹ́fẹ́ díẹ̀. Ibi tí yìnyín funfun bá mọ lára ọ̀pá náà ni nàítírójìn dé. Kì í ṣe ọ̀pá oníhò o, á tu sí yín lójú. Tẹ́ ẹ bá ń fọkọ̀ gbé e, ẹ ṣí fèrèsé, torí ó lè gba afẹ́fẹ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́ láìjẹ́ kó gbóòórùn kankan. Sìtírọ́ọ̀ kan ṣoṣo ni kí wọ́n yọ lẹ́ẹ̀kan, sínú omi 35 sí 37°C, pẹ̀lú tẹmómítà, kì í ṣe ìka, fún bí 45 ìṣẹ́jú-àáyá. Kí wọ́n nù ún gbẹ, omi lásán ń pa àtọ̀. Ìyókù, oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ á ṣe é.

Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ ra ẹgbọrọ lọ́jà, ẹ bi wọ́n bóyá ìbejì ni. Abo tó bá bá akọ gbé inú, ó ju mẹ́sàn-án lọ nínú mẹ́wàá tí kò ní bímọ láyé. Ìbejì tí à ń yọ̀ mọ́ nílé, ẹ fura sí i lágbo màlúù.

Ẹ jọ̀ọ́, mo ti ń rìn jìnnà. Màlúù wo, ẹ ní? Ẹgbọrọ ni, èyí tó ti dàgbà dáadáa tí kò tíì bímọ rí. Àtọ̀ lásán lè tó mílíọ̀nù 20 nínú sìtírọ́ọ̀ kan, ti abo kì í sábà ju mílíọ̀nù méjì sí mẹ́rin lọ, iṣẹ́ ìyàsọ́tọ̀ yẹn sì ti rẹ̀ ẹ́. Ara ẹgbọrọ ló ń tètè gba oyún. Ọmọ abo kì í sábà tóbi tó akọ, ìbímọ àkọ́kọ́ á rọrùn sí i. Tó bá kéré lára, àtọ̀ Jersey, irú màlúù òyìnbó tí kò tóbi, ni kí ẹ béèrè. Àwọn ìyá tó ti bímọ lẹ́ẹ̀mẹta, àtọ̀ lásán ti tó wọn.

Àkókò náà wá rèé, òdì ohun tí wọ́n sọ fún yín ni. Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í dúró fún gígùn láago mẹ́fà àárọ̀, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń fi àtọ̀ lásán sí i. Ti abo kì í pẹ́ láyé nínú ilé-ọmọ, nítorí náà ó di ọ̀gànjọ́ òru sí àárọ̀ kejì. Màlúù Fúlàní funfun, òru ló máa ń wá akọ jù, kì í sì í pẹ́. Ẹni tí ò bá fi tọ́ọ̀ṣì ṣọ́ wọn ò ní mọ̀.

Ẹgbọrọ mẹ́rin ni mo fi ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Mẹ́ta lóyún, abo ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Fúlàní mi yẹn ló ń ṣọ́ wọn. Tí fóònù mi bá dún láago méjì òru nísinsìnyí, ìyàwó mi kì í tún béèrè pé ta ni.