Epo pupa dà sí léèsì funfun mi, ṣé ó ṣì lè mọ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Sátidé tó kọjá la ṣe ìnáwó àbúrò ọkọ mi n'Íbàdàn, léèsì funfun la fi ṣe aṣọ ẹbí. Ọmọ tó ń pín oúnjẹ kọsẹ̀, bí ẹ̀fọ́ rírò ṣe dà sí mi nítan nìyẹn. Mo sáré bomi sí i, mo fi tíṣù nù ún, ṣe ló tún ń fẹ̀ sí i. Nígbà tí mo délé mo rì í sínú omi bílíìṣì mọ́jú, àmọ́ ojú ibẹ̀ ṣì pọ́n rúsúrúsú. Ṣé kí n gbé e fún télọ̀ kó fi rán ti ọmọ ni? Ìyàwó Kékeré, Ìbàdàn.

Ìyàwó wa, ẹ má tíì gbé e fún télọ̀ kankan. Ẹ wò ó níta gbangba ná. Tó bá jẹ́ ojú ibi tí epo dà sí nìkan ló pọ́n, epo ló kù níbẹ̀, ó máa lọ. Tí gbogbo aṣọ bá ti yẹ́lò, bílíìṣì ló jẹ ẹ́ yẹn, mi ò ní parọ́ fún yín, ìyẹn kì í sábà padà. Àwọ̀ ni bílíìṣì ń bá jà, kò rí ti ọ̀rá rò rárá.

Níbi ìnáwó yẹn, ṣe lẹ̀ bá fi ẹ̀yìn ṣíbí ha ẹ̀fọ́ kúrò, kẹ́ ẹ bu páúdà ọmọdé lé e, kó mu epo fún bí 20 ìṣẹ́jú. Tí ò bá sí páúdà, ẹ bèèrè láfún lọ́wọ́ àwọn tó ń dáná. Láfún ni mo wí o, kì í ṣe èlùbọ́ àmàlà, torí mo mọ ẹni tó ṣe é, aṣọ ẹ̀ wá ní wàhálà méjì.

Ní báyìí, ẹ ṣan bílíìṣì yẹn dànù dáadáa, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ wá kán ọṣẹ olómi tẹ́ ẹ fi ń fọ abọ́ sójú ibẹ̀ kí omi tó kàn án, ẹ tẹ́ àkísà funfun sábẹ́ ẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ máa fọ̀ ọ́ látẹ̀gbẹ́ wá sáàárín, kó má baà fẹ̀. Lẹ́yìn 15 ìṣẹ́jú, omi lọ́wọ́ọ́wọ́ lẹ ó fi ṣàn án. Ó lè tó ẹ̀ẹ̀mẹta o. Kẹ́ ẹ wá sá a sóòrùn ní tútù, torí ohun tó ń mú epo pọ́n náà ló ń mú kárọ́ọ̀tì pọ́n, oòrùn sì máa ń pa á. Aṣọ funfun nìkan o, aláràbarà á ṣí. Ẹ má sì lọ̀ ọ́ títí á fi mọ́, bùbá ọkọ mi kan wà nílé tí mo kánjú lọ̀, àmì epo ẹ̀ ò lọ mọ́ dòní.

Àǹtí, mẹkáníìkì lọkọ mi ní Muṣin, gírísì tó ń gbé wálé lára kákí ẹ̀ ti bó mi lọ́wọ́. Àwọn ọmọọṣẹ́ ẹ̀ ní kí n máa fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́. Ìyá Ìbejì, Èkó.

Ìyá Ìbejì, láéláé! Ooru pẹtiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ nílẹ̀ ló máa ń rìn, ó lè lọ bá iná tẹ́ ò tiẹ̀ ronú kàn. Ẹ ha gírísì yẹn kúrò, ẹ bu òróró ìdáná díẹ̀ sí i, ẹ fi ọwọ́ ra á. Ẹ má rẹ́rìn-ín, epo ló ń tú epo. Lẹ́yìn náà ọṣẹ abọ́ tàbí ọṣẹ dúdú pẹ̀lú omi gbígbóná, kákí gbà á. Tó bá lágídí, kẹrosíìnì díẹ̀ lórí àkísà, níta, jìnnà síná, àmọ́ aṣọ yẹn ò gbọdọ̀ wọnú ẹ̀rọ ìfọṣọ bó bá ṣì ń rùn.

Ìpara kan gèlè aṣọ òkè ìyá mi. Adé, Abẹ́òkúta.

Adé, má bomi sí i. Páúdà ni, mọ́jú, kó o gbọ̀n ọ́n. Tó bá kọ̀, gbé e fún alágbàfọ̀ tó mọ aṣọ òkè, kó o sì sọ fún un pé ìpara ni, kó má lọ rò pé ọbẹ̀ ni.