Ara ọmọ ti yá, àmọ́ ẹjọ́ ò ní fúnra rẹ̀ dìde

Màmá, ẹ ní dókítà ti sọ pé orí ọmọ yín ti pé, ẹ wá ń béèrè bóyá ẹjọ́ tí wọ́n dá dúró nítorí àìsàn ọpọlọ rẹ̀ máa tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tó ti ń pẹ́, torí ojú mi ti rí i.

Òfin ọdún 2015 lórí bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ẹjọ́ ọ̀daràn, tí àwọn lọ́yà ń pè ní ACJA, láti abala 278 lọ, fún adájọ́ láyè láti tún gbé ẹjọ́ náà nígbà tí olùjẹ́jọ́ bá ti lè gbèjà ara rẹ̀. Kóòtù ìjọba àpapọ̀ àti ti Àbújá ló wà fún. Ìpínlẹ̀ ní tiwọn. Ṣùgbọ́n kóòtù kì í ránṣẹ́ pe ẹnikẹ́ni bí ìwé dókítà ò bá sí nínú fáìlì. Ilé ìwòsàn á ní àwọn ti fi ránṣẹ́ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n, ọgbà ẹ̀wọ̀n á ní ó ti dé kóòtù, akọ̀wé kóòtù á ní òun ò rí nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó máa wá a nínú wọn, ẹni tí ara rẹ̀ ti yá á sì jókòó sátìmọ́lé nítorí bébà kan. Ó ń bí mi nínú gan-an! Kí lọ́yà fúnra rẹ̀ gba ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀, kó fi lẹ́tà gbé e lọ, kí akọ̀wé buwọ́ lu ẹ̀dà tiyín pé òun gbà á, kí olùpẹjọ́ náà rí tirẹ̀.

Ẹ sọ fún lọ́yà kó ka ìwé náà kó tó kúrò lọ́wọ́ dókítà. Bó bá jẹ́ "ara rẹ̀ ti yá" nìkan ló wà níbẹ̀, kò tó. Kó sọ pé ọmọ náà mọ ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án, pé ó lè tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí, pé ó lè ṣàlàyé ara rẹ̀ fún lọ́yà. Kí oògùn tó ń lò wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ìwé náà bá ti pẹ́, ẹ gba tuntun.

Oògùn yẹn, ẹ rí i pé ó ń dé ọwọ́ rẹ̀ látìmọ́lé. Bó bá já, àìsàn lè padà kí ọjọ́ ẹjọ́ tó pé, wọ́n á tún sún un síwájú. Bó bá ń kùn ún lóorun, dókítà ni kó yí àkókò rẹ̀ padà. Kó má fò ó láàárọ̀ ọjọ́ ẹjọ́.

Bí àìsàn náà bá ti wà lára rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀ràn ṣẹlẹ̀, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Abala 28 òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń lò ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gúúsù, tó dá lórí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé nígbà tó ṣe ohun tí wọ́n fẹ̀sùn rẹ̀ kàn án, ló kàn án, fáìlì ilé ìwòsàn àtijọ́ lẹ máa fi jà á. Bí wọ́n bá gbà á, kì í ṣe ilé ló ń lọ tààrà o. Wọ́n lè dá a dúró sí ìtọ́jú di ìgbà tí aláṣẹ tó yẹ bá pàṣẹ.

Èyí tẹ́ ẹ béèrè: bí adájọ́ kan náà bá ṣì wà níbẹ̀, ó lè bá a lọ láti ibi tí wọ́n dé. Bí wọ́n bá ti gbé adájọ́ náà lọ sí kóòtù mìíràn tàbí ó ti fẹ̀yìn tì, wọ́n á tún ẹ̀sùn kà, àwọn ẹlẹ́rìí á sì tún wá.