Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé: Ta ni ó lè ti ọ̀nà jíjìn pa iná ìlú?

Láti ìgbà tí a ti ṣàlàyé nínú ìwé ìròyìn yìí bí iná mànàmáná ṣe ń ti ibùdó tí wọ́n ti ń pèsè rẹ̀ dé ilé wa, ìbéèrè nípa àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó pọ̀ jù nínú lẹ́tà tí ẹ ń kọ sí wa. Mẹ́rin ni mo mú dáhùn lónìí. Èkíní ni mo fún ní àyè jù, nítorí pé inú rẹ̀ ni ìdáhùn àwọn yòókù ti jáde.

Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú. Mo gbọ́ pé àwọn kan ti fi kọ̀ǹpútà pa iná ìlú rí ní ilẹ̀ Yúróòpù, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gé wáyà tàbí wó òpó. Ṣé òótọ́ ni? Báwo ni wọ́n ṣe rí i ṣe?
Òǹkàwé kan, Ìbàdàn

Òótọ́ ni. Ní ọjọ́ 23, oṣù Kejìlá, ọdún 2015, ní orílẹ̀-èdè Ukréìn, nǹkan bí oníbàárà 225,000 ni iná lọ mọ́ lọ́wọ́ nínú òtútù, nítorí pé àwọn kan ti já wọ inú kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ mẹ́ta tí ń pín iná, wọ́n sì kọlù wọ́n tẹ̀lé ara wọn láàárín nǹkan bí ìdajì wákàtí.

Ọjọ́ yẹn kọ́ ni ọ̀ràn náà bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú, wọ́n ti fi ímeèlì ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ tí ń jókòó sí ọ́fíìsì, àwọn tí iṣẹ́ wọn kò kan títan iná tàbí pípa á rárá. Fáìlì Microsoft Office ni wọ́n so mọ́ ímeèlì náà, bí ẹni tí ó gbà á bá sì ṣí i, tí ó gbà fún un láti ṣe ohun tí ó béèrè, ètò kọ̀ǹpútà kan tí à ń pè ní BlackEnergy yóò wọlé láìpariwo. Láti ibẹ̀ ni àwọn ọ̀daràn náà ti ń kó orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà àwọn òṣìṣẹ́ jọ díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n fi rí ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ máa ń gbà láti ibòmíràn wọ inú ẹ̀ka tí ó ń darí iná. Ọ̀nà yẹn kò béèrè ju ọ̀rọ̀ aṣínà lọ. Kò sí nọ́ńbà kejì tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù bí àwọn báńkì wa ti ń ṣe. Ẹni tí ó bá ti jí ọ̀rọ̀ náà ti di òṣìṣẹ́ lójú ẹ̀rọ. Wọ́n wọlé, wọn kò sì fọwọ́ kan ohunkóhun. Wọ́n ń wo bí ilé-iṣẹ́ náà ṣe ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń kọ́ ọ.

Nígbà tí ọjọ́ pé, òṣìṣẹ́ kan tí ń ṣọ́ iná rí i tí àmì ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ó fọwọ́ kan máòsì, tí ó ń lọ láti orí bíréékà (ohun tí ń já iná kúrò tàbí so ó padà) kan sí òmíràn, tí ó sì ń pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbìyànjú láti gba ẹ̀rọ rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n wọ́n ti tì í síta. Nǹkan bí ibùdó ìpínná 30 ni wọ́n pa báyìí. Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn èyí ni ó fi hàn pé wọ́n ti múra dáadáa. Wọ́n ba ètò inú àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí ń gbé àṣẹ láti yàrá ìdarí lọ sí àwọn ibùdó náà jẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà lè ti ọ̀nà jíjìn tan iná padà. Wọ́n pa bátìrì tí ó yẹ kí ó gbé yàrá ìdarí fúnra rẹ̀ dúró, kí àwọn òṣìṣẹ́ náà lè bá ara wọn nínú òkùnkùn. Wọ́n nu ohun tí ó wà nínú àwọn kọ̀ǹpútà nù. Wọ́n sì fi ìpè èké kún ẹ̀rọ fóònù ilé-iṣẹ́, tí oníbàárà tí ó fẹ́ fi tó wọn létí pé iná ti lọ kò fi rí wọn bá sọ̀rọ̀.

Ọ̀nà tí iná gbà padà ni mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí jù. Àwọn òṣìṣẹ́ wọ ọkọ̀, wọ́n lọ sí ibùdó kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn tan bíréékà. Láàárín wákàtí 1 sí 6, iná ti dé. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lé ní oṣù méjì lẹ́yìn náà tí àwọn yàrá ìdarí náà kò tíì bọ̀ sípò pátápátá, àwọn ènìyàn ń rí iná lò, nítorí pé àwọn bíréékà náà ṣì ní ibi tí ọwọ́ lè gbà tàn wọ́n, àwọn òṣìṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n ṣe sì ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Gbogbo ibi tí mo bá ti ń sọ̀rọ̀ lórí ọ̀ràn yìí ni mo ti ń sọ pé kí ilé-iṣẹ́ iná kankan má ṣe ju ìmọ̀ ọwọ́ yẹn nù nítorí pé wọ́n ti ra kọ̀ǹpútà.

Wọ́n tún padà wá. Ní ọjọ́ 17, oṣù Kejìlá, ọdún 2016, ibùdó ńlá kan ní àríwá Kyiv, olú-ìlú Ukréìn, kú fún nǹkan bíi wákàtí kan, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún iná tí ìlú náà ń lò lálẹ́ ọjọ́ yẹn sì lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ẹni tí ó ń ti máòsì kiri. Ètò tí wọ́n lò, èyí tí àwọn olùwádìí sọ ní Industroyer, mọ èdè tí àwọn ẹ̀rọ ibùdó iná fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ó sì ń pàṣẹ fún àwọn bíréékà fúnra rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, wọ́n gbìyànjú ẹ̀dà tuntun rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n rí i mú kí ó tó ṣe ibi. Ilé-iṣẹ́ Ìdájọ́ Amẹ́ríkà ti fi ẹ̀sùn ìkọlù ọdún 2015 àti 2016 kan òṣìṣẹ́ àjọ amí ológun Rọ́ṣíà mẹ́fà ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020. Ìjọba Rọ́ṣíà ní àwọn kọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹ̀rọ iná ni mí. Ṣé pípa iná nìkan ni wọ́n lè ti orí kọ̀ǹpútà ṣe, àbí wọ́n lè ba irinṣẹ́ gan-an jẹ́?
Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ilé-Ifẹ̀

Wọ́n lè bà á jẹ́, ìdánwò sì ti fi èyí hàn. Ní ọdún 2007, ní ilé ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Idaho, wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ oní-dísù kan tí agbára rẹ̀ jẹ́ mẹ́gáwáàtì 2.25 kalẹ̀, wọ́n sì ti orí kọ̀ǹpútà pàṣẹ fún bíréékà rẹ̀ pé kí ó máa já, kí ó sì máa padà so mọ́ wáyà ní àkókò tí kò yẹ. Jẹnẹrétọ̀ náà gbọ̀n, àwọn ohun èlò inú rẹ̀ já, èéfín bò ó, ó sì bàjẹ́.

Ẹ ti kọ́ ìdí rẹ̀ ní kíláàsì, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún àwọn òǹkàwé yòókù. Gbogbo ẹ̀rọ tí ń pèsè iná sórí wáyà kan náà gbọ́dọ̀ máa yí ní ìṣísẹ̀ kan, bí àwọn tí ń gún iyán nínú odó kan ṣe gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí ọmọ odó ẹnìkejì ń lọ sílẹ̀. Ẹ̀rọ tí ó bá já kúrò, tí ìṣísẹ̀ rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀, tí a sì fipá so ó padà lójijì, gbogbo agbára tí ó wà lórí wáyà ni yóò fipá yí i padà sí ìṣísẹ̀ tiwọn. Irin ńlá inú ẹ̀rọ náà ni yóò gba agbára òjijì yẹn. Ẹ̀rọ ààbò kékeré kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti má ṣe jẹ́ kí irú èyí ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ààbò òde òní náà jẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹni tí ó bá sì rí àyè yí ètò inú rẹ̀ padà ti sọ ẹ̀ṣọ́ di olè.

Èyí ni ó ń bà mí lẹ́rù ju òkùnkùn wákàtí mẹ́fà lọ. Tiransifọ́mà ńlá kì í ṣe ohun tí à ń rí rà ní ọjà. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ ni wọ́n ń ṣe é fún, ó sì lè gbà ju ọdún kan lọ kí ó tó dé.

Ìlú wa ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà wà. Ní ọdún 2024, iná gbogbo orílẹ̀-èdè ṣubú léraléra. Ṣé àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ ni ó wà nídìí rẹ̀?
Bàbá kan, Òṣogbo

Bàbá, ẹ ṣeun. Ìdí tí ó máa ń fa ìṣubú náà ni ohun tí ẹ̀yin náà ti mọ̀ tipẹ́. Iná wa gbọ́dọ̀ máa yí ní ìwọ̀n ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí ibùdó ìpèsè kan bá já, tàbí tí gáàsì kò tó, tàbí tí àwọn kan wó òpó, ìwọ̀n yẹn yóò já sílẹ̀, àwọn ibùdó yòókù yóò sì máa já tẹ̀lé e láti dáàbò bo ara wọn, nítorí pé a kò ní iná àpamọ́ tí ó tó láti dí àlàfo náà. Ti ọjọ́ 19, oṣù Kẹwàá, ọdún 2024, irinṣẹ́ kan tí ó bú ní ibùdó Jẹ́bà ni TCN, ilé-iṣẹ́ tí ń gbé iná káàkiri Nàìjíríà, sọ pé ó fà á. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì bo irinṣẹ́ tí ó ti gbó mọ́lẹ̀.

Síbẹ̀, n kò ní sọ pé kí ẹ máa sùn. Àwọn kan máa ń sọ pé níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé ìpè fóònù àti ọwọ́ ni a ṣì fi ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ wa, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ti òkèèrè ṣe sí wa. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń dín kù lójoojúmọ́, nítorí pé ẹ̀rọ tí yóò máa fi ojú kan wo gbogbo ibùdó, tí yóò sì máa ti ọ̀nà jíjìn darí wọn, ni a ń lé láti ọdún pípẹ́, a sì nílò rẹ̀. Iná tí ìkọsẹ̀ kékeré lè bì ṣubú kò sì béèrè ọ̀tá tí ó lágbára. Ọ̀ràn náà kò sì mọ sí ọ̀dọ̀ wa, nítorí wáyà alágbára 330,000 fóólìtì kan wà tí ó ti ìwọ̀-oòrùn Ìkẹjà lọ sí Sakété ní orílẹ̀-èdè Benin, òun ni ó ń gbé iná lọ fún àwọn ará orílẹ̀-èdè náà àti Togo.

Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ìsinsìnyí tí a ń kọ́ ẹ̀rọ ìdarí tuntun náà lọ́wọ́ ni ó yẹ kí a kọ́ ààbò mọ́ ọn. Kọ̀ǹpútà tí akọ̀wé fi ń ka ímeèlì kò gbọdọ̀ ní ọ̀nà kankan tí ó lọ tààrà sí èyí tí ń darí bíréékà. Ẹni tí yóò bá ti ilé rẹ̀ wọlé gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí méjì hàn, ilé-iṣẹ́ òkèèrè tí ó ta irinṣẹ́ fún wa kò sì gbọdọ̀ máa wọlé nígbà tí ó bá wù ú. Kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún un ní ọjọ́ tí iṣẹ́ bá wà, kí wọ́n sì tì í lẹ́yìn rẹ̀. Kí àwọn àgbà òṣìṣẹ́ tí ó mọ bí a ṣe ń fi ọwọ́ gbé iná dìde lẹ́yìn ìṣubú máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, kí wọ́n sì máa dán an wò lọ́dọọdún. Òfin wà: ti ọdún 2015 tí ó de ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, àti àṣẹ tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní ọdún 2024 láti dáàbò bo àwọn ohun amáyédẹrùn tí orílẹ̀-èdè kò lè ṣe aláìní. Ohun tí ó kù ni kí ẹnìkan máa lọ wò ní ibùdó kọ̀ọ̀kan bóyá wọ́n ń tẹ̀lé e.

Mo ń lo mítà tí a ń ra káàdì sí, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sólà tí ó ní áàpù sílé. Ṣé ó kàn mí?
Oníṣòwò kan, Abẹ́òkúta

Ó kàn yín, màmá. Nọ́ńbà 20 tí ẹ ń tẹ̀ sínú mítà ni a fi àṣírí tí ó jẹ́ ti mítà yín nìkan dì, mítà náà kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì kí ó tó lè tú u. Nítorí náà, kò rọrùn fún olè láti ṣe ayédèrú rẹ̀. Ètò náà ń ka ìṣẹ́jú láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1993, kíkà rẹ̀ sì kún ní ọjọ́ 24, oṣù Kọkànlá, ọdún 2024. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí gbogbo wa tẹ àwọn nọ́ńbà àkànṣe kan kí ọjọ́ náà tó pé.

Ibi tí ó ti rọ̀ ni kọ̀ǹpútà ẹni tí ń ta á. Ní oṣù Keje ọdún 2019, àwọn ọ̀daràn fi àṣírí ti gbogbo àkọsílẹ̀ City Power, ilé-iṣẹ́ iná ìlú Johannesburg ní Gúúsù Áfíríkà, pa, ọ̀pọ̀ oníbàárà kò sì rí káàdì rà. Iná wà lórí wáyà, ṣùgbọ́n ẹni tí tirẹ̀ tán nílé wà nínú òkùnkùn. Ẹ máa ra káàdì sílẹ̀ kí ti inú mítà tó tán, kí ẹ má sì tẹ ìlà kankan tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí yín pé àwọn ń ta á ní ẹ̀dínwó.

Ní ti sólà, ọ̀rọ̀ aṣínà tí ó bá ínfátà wá láti ilé-iṣẹ́ jẹ́ ohun tí ẹni gbogbo mọ̀, nítorí náà ẹ yí i padà lónìí. Ẹ bi ẹni tí ó gbé e sílé fún yín bóyá òun náà ṣì lè wọ inú rẹ̀ láti ọ́fíìsì rẹ̀, kí ẹ sì ní kó yọ ara rẹ̀ kúrò bí ẹ kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ rí i dájú pé sólà náà lè máa ṣiṣẹ́ bí Wi-Fi kò bá sí. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, nígbà tí wọ́n kọlù ẹ̀rọ sátẹ́láìtì Viasat, ilé-iṣẹ́ kan ní Jámánì kò rí nǹkan bí ẹ̀rọ 5,800 tí ń fi afẹ́fẹ́ pèsè iná darí láti ọ̀nà jíjìn mọ́, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀rọ náà ń pèsè iná lọ, nítorí pé wọ́n ti ṣe wọ́n láti lè dá dúró. Ẹ pa Wi-Fi ilé yín fún wákàtí kan ní ọ̀sán, kí ẹ sì wò ó bóyá iná yóò ṣì máa wà.